Ọkọ̀ Tí Kò Ní Dírẹ́bà

Ọjọ́ tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà fún mi, mo rò pé etí mi ni kò gbọ́ dáadáa. Ọ́fíìsì wa ní Ọ̀wọ̀ kì í ṣe ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dé. Ẹ̀ka ètò ìrìnnà ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa ojoojúmọ́ kò ju pé ká wá ibi tí àwọn ọlọ́kadà yóò máa dúró sí, ká bá àwọn onímọ́tò tó dí ẹnu ọjà wí, ká sì kọ̀wé sí Àkúrẹ́ nípa kòtò tó ń gbòòrò lójú títì. Ọ̀gá mi ní kí n jókòó. Ó ní ìjọba fẹ́ mọ̀ bóyá irú ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń lò lókè òkun lè ṣeé lò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ. Ọkọ̀ náà kò ní dírẹ́bà. Ènìyàn mẹ́rin péré ni ó ń gbé. Orí afárá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé ka òpó ni ó ń gbà, iná mànàmáná ni ó sì fi ń rìn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò lọ sí ibùdókọ̀, yóò tẹ orúkọ ibi tó ń lọ, ọkọ̀ á wá bá a níbẹ̀, á gbé e, kò sì ní dúró gbé ẹlòmíràn títí yóò fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀ níbi tó ń lọ.

"Ìwọ ni wàá tẹ̀ lé ẹnjinía tó ń bọ̀," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹ ó yẹ ọ̀nà wò láti Uso dé Ọ̀wọ̀, láti Ọ̀wọ̀ dé Imoru. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ wí bẹ́ẹ̀. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ wí bẹ́ẹ̀."

Mo béèrè ìdí tó fi jẹ́ Imoru. Ó ní wọ́n fẹ́ ìlú àgbẹ̀ kan ní ìpẹ̀kun ọ̀nà náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò láàárín ìgboro àti oko. Mi ò béèrè nǹkan mìíràn mọ́, nítorí ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi.

Ọmọ Àkókó ni àwọn òbí wa. Iṣẹ́ tíṣà ni ó gbé bàbá wa wá sí Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó bí wa, ibẹ̀ ni a dàgbà sí, ibẹ̀ ni a ti gba ìsàmì ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì, síbẹ̀ tí a bá ń sọ èdè Ọ̀wọ̀, ẹnìkan kò ní ṣàì bi wá léèrè ìlú tí a ti wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni ó gba iṣẹ́ bàbá wa. Wọ́n gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Imoru, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ọmọ tó kọ́ ní ABD ti ń mú ọmọ tiwọn wá bá a. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ń dùn ún. Ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ọ̀wọ̀ ni ó ti ń gba ìtọ́jú, ìrìn àjò ibẹ̀ sì ni àìsàn kejì. Yóò gun ọ̀kadà láti Imoru forí lé ojú títì, yóò sọ̀ kalẹ̀ létí àbàtà kan tí ojú omi rẹ̀, ihò kọnkéré tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ ọ̀nà, ti wó, yóò rọra fẹsẹ̀ rìn lórí pákó tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀, yóò tún gun ọ̀kadà padà, kó tó wá dé ibi tí yóò ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀wọ̀. Nígbà tó bá jókòó níwájú àwọn nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà. Wọ́n á ní kó lọ sinmi lórí bẹ́ǹṣì kí wọ́n tún un wọ̀n. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ọ̀nà ni wọ́n ń wọ̀n lára mi, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀."

Nítorí náà nígbà tí ọ̀gá mi ń ṣàlàyé ọkọ̀ tó ń gba orí afárá, mo rí ẹ̀gbọ́n mi nínú rẹ̀. Mo rí i tó jókòó, tó na ẹsẹ̀, tí àbàtà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ pé àlá lásán ni. Ṣùgbọ́n mo rí i.

Ẹnjinía náà dé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ Ọ̀wọ̀ gan-an ni, ọmọ ìdílé àwọn Áńgílíkà kan tí bàbá wọn ṣiṣẹ́ ìjọba títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ti lò ju ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ lọ lókè òkun, irun rẹ̀ ti funfun. Mo ti múra sílẹ̀ fún ọkùnrin tí yóò máa fi imú sọ gẹ̀ẹ́sì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èdè Ọ̀wọ̀ tó ń sọ ni ti ìgbà èwe rẹ̀, kò tíì yí padà láti ìgbà náà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀wọ̀ ti gbàgbé, tí mo ti gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n ń ta obì lẹ́bàá ilé wa, ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Tó bá kí àgbàlagbà, àgbàlagbà náà á dáwọ́ ohun tó ń ṣe dúró, á wojú rẹ̀. Èmi ni ó ń pè ní àbúrò láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mo sì ń pè é ní ẹ̀gbọ́n nígbà tí kò bá sí ọ̀gá nítòsí.

Ó gba ohun tó wá ṣe gbọ́. Kò tan ara rẹ̀, kò sì tan ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún mi pé lọ́dún tí wọ́n bí òun, ènìyàn tó bá fẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ láti Ọ̀wọ̀ yóò dúró de ọkọ̀ títí yóò fi kún, àti pé nígbà tí òun padà dé yìí, òun lọ sí gáréèjì, wọ́n ṣì ń dúró de ọkọ̀ kó kún. Ó ní ohun tó dára jù nínú ọkọ̀ kékeré yẹn ni pé kì í dúró kó kún. "Ó ń bọ̀ nítorí tìẹ nìkan," ni ó wí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ nípa ìwà ọmọlúàbí.

Uso ni a ti bẹ̀rẹ̀. A gbé àga sí abẹ́ igi máńgòrò kan létí títì, a sì ń wo àwọn tó ń wọ ọkọ̀, ibi tí wọ́n ń lọ, àti ohun tí wọ́n gbé dání. Ohun tí wọ́n gbé dání ni ó kọ́kọ́ bà á lọ́kàn jẹ́. Kò sí ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo ní Uso. Obìnrin kan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ, òmíràn di iṣu sínú àpò, ọkùnrin kan fi okùn so ewúrẹ́ méjì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ní ọ̀sán, ọkọ̀ akérò kan dúró, wọ́n sì kó ata sí i lórí, sí i lẹ́yìn, sí abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò, àwọn èrò sì jókòó lórí rẹ̀ bí ẹni pé ohun tó yẹ ni.

Ẹnjinía wo gbogbo rẹ̀. Ó wá bi mí pé, tí ènìyàn mẹ́rin bá wọ ọkọ̀ wa láti Uso, níbo ni ata yóò wà? Mo ní kó jẹ́ pé ọkọ̀ mìíràn ni yóò máa kó ẹrù. Ó ní ó ṣeé ṣe, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ata kò ní gbà kí ata rẹ̀ ṣáájú òun lọ sọ́jà. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. A kàn ń sọ ọ́ síwá-sẹ́yìn ni títí oòrùn fi lé wa kúrò lábẹ́ máńgòrò.

Ti iná mànàmáná tún wà níbẹ̀. Ilé bàbá rẹ̀ ni ó ń gbé, ilé àtijọ́ tó ní fèrèsé onípákó, gbogbo ìgbà tí mo bá sì lọ pè é láàárọ̀, jẹnẹrétọ̀ ni mo máa ń gbọ́ kí n tó rí i. Lójoojúmọ́ ni ó ń sọ fún mi bí iná ṣe rí lọ́jọ́ tó ṣáájú. Nígbà tó yá, kò sọ ọ́ mọ́. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ iná tí a lè fi oòrùn fà, bátìrì ńláńlá, bí a ṣe lè to wọn lọ lẹ́bàá àwọn òpó. Mo bi í bóyá àwọn olè kò ní jí bátìrì náà. Ó ní níbi tí òun ti wá, wọn kì í jí i. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Àbúrò, máà dá mi lóhùn."

Ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ sópin ni a lọ sí Imoru. A fi mọ́tò ọ́fíìsì rìn dé ibi tó lè dé, a sọ̀ kalẹ̀ létí àbàtà, ẹ̀gbọ́n mi sì ti rán àwọn ọlọ́kadà sí wa ní òdìkejì. Ẹnjinía dúró lórí pákó náà pẹ́. Ó ń wo ojú omi tó wó, àwọn òrùka kọnkéré tí ìjọba kan ti kó síbẹ̀ nígbà kan, tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Ó ní ohun kékeré ni wọn ì bá fi tún un ṣe.

Ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni a ti pàdé àwọn ará ìlú. Wọ́n tò sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Ẹnjinía ṣàlàyé ọkọ̀ náà fún wọn ní èdè Ọ̀wọ̀ àtijọ́ tirẹ̀. Èdè Imoru kò bá tirẹ̀ mu tán, ṣùgbọ́n ohùn náà wọ̀ wọ́n létí. Mo rí i lójú wọn. Tó bá jẹ́ pé Yorùbá ìwé tí èmi ń sọ ni ó sọ, tàbí gẹ̀ẹ́sì, wọn ì bá kà á sí ọ̀rọ̀ ìjọba, wọn ì bá sì gbàgbé rẹ̀ kí wọ́n tó délé. Àwọn ọkùnrin béèrè nípa kòkó, bóyá ọkọ̀ náà lè gbé e. Ó sọ òtítọ́ fún wọn pé kò lè gbé púpọ̀. Ẹnìkan béèrè nípa àwọn ajínigbé tó ń dá ọkọ̀ lọ́nà. Ó ní ọkọ̀ tó wà lókè kò rọrùn láti dá dúró. Ìyẹn mú kí wọ́n sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn fún ìgbà díẹ̀.

Obìnrin àgbàlagbà kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni ó ni ilé tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, opó ni, oko kòkó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ìtàn rẹ̀ fún mi tipẹ́. Ní ọdún tí ojú omi yẹn kọ́kọ́ wó, àìsàn ki ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín òjò. Kò lè jókòó. Wọ́n gbìyànjú láti gbé e sáàárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà, ó ń yọ̀ ṣubú. Wọ́n wá tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ilé, àwọn ọkùnrin sì gbé e dé àbàtà, ṣùgbọ́n omi ti kún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró kí omi fà tí ọkùnrin náà fi kú, tí ìyàwó rẹ̀ di agboòrùn mú sí i lórí.

Obìnrin náà na ọwọ́ sókè bí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe máa ń ṣe. Ó béèrè pé, "Ṣé ó lè gbé ẹni tí kò lè jókòó?"

Ẹnjinía kò mọ ìtàn rẹ̀. Ó dá a lóhùn bó ṣe rí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ìjókòó ẹ̀gbẹ́ kan ṣeé ká mọ́lẹ̀, a lè tẹ́ ènìyàn síbẹ̀ gbọọrọ. Obìnrin náà dúpẹ́, ó sì jókòó.

Èmi ni mo dìde sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mo sọ fún wọn, mo sì tún un sọ, pé a kò tíì ṣe ìpinnu kankan. Mo ní wíwò ni a wá wò, pé ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ náà máà wá láéláé. Ẹ̀gbọ́n mi tún gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó fi ohùn Imoru sọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Lẹ́yìn náà ni ẹnjinía àti àwọn tó bá wa wá gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ jáde, wọ́n sì wọn ilẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ gba inú oko lọ síhà àbàtà. Kí wọ́n má bàa ṣi ojú ìlà, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí àwọn igi tó wà lọ́nà ibẹ̀, igi kòkó ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ará ìlú ń tẹ̀ lé wọn wò.

Bí a ṣe ń padà, nígbà tí a ti kọjá àbàtà tí a sì ti wọ mọ́tò, ẹnjinía sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ní ènìyàn kò pọ̀ tó lójú ọ̀nà náà, ẹrù wọn ti pọ̀ jù, iná kò sí, ilẹ̀ àbàtà náà kò ní gbé òpó ró láìjẹ́ pé a gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn gan-an. Ó ní ká tilẹ̀ ní gbogbo ìyẹn wà, ta ni yóò máa tún un ṣe nígbà tó bá bàjẹ́, ní ibi tí wọn kò lè tún ojú omi kan ṣe? Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún wọn nílé-ẹ̀kọ́. Ó ní kò tíì dá òun lójú nígbà náà, pé lórí pákó yẹn, bí a ṣe ń padà, ni ó tó dá òun lójú. Ó yíjú sí fèrèsé.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí fóònù. A ṣì ń kọ àbájáde iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

"Wọ́n ti gé e," ni ó wí.

Mo ní kí ni wọ́n gé. Ó ní kòkó. Ó ní láti àná ni àwọn ènìyàn ti ń gbọ́ ìró àdá lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́, òun sì rò pé wọ́n ń ṣán oko ni, àfìgbà tí òun yọjú. Opó tó ni ilé ni ó bẹ̀rẹ̀. Ó háyà àwọn ọkùnrin méjì, wọ́n gé gbogbo igi tí ọ̀dà pupa wà lára rẹ̀, àti àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì wọn, kí ọ̀nà lè gbòòrò. Nígbà tí àwọn tó ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ rí i, àwọn náà gé tiwọn. Wọ́n ní ìjọba kì í fi ọ̀dà kun igi lásán. Wọ́n ní tí àwọn ọlọ́kọ̀ bá dé tí ọ̀nà bá dí, wọ́n lè gbé ọkọ̀ náà lọ sí ìlú mìíràn.

Mo lọ sí Imoru lọ́jọ́ kejì, èmi nìkan. Láti ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́, ojú ọ̀nà tóóró kan là á já tààrà láàárín oko, ó ń lọ síhà àbàtà, ojú ọ̀run sì mọ́lẹ̀ kedere sókè rẹ̀ níbi tí òjìji ti wà tẹ́lẹ̀. Àwọn igi tí wọ́n gé ni wọ́n wọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Èso ṣì wà lára wọn, ó ṣì tutù yọ̀yọ̀, àwọn òdòdó kéékèèké sì ṣì lẹ̀ mọ́ èèpo igi. Kòkó kì í ṣe àgbàdo. Ọkọ obìnrin náà ni ó gbin wọn nígbà tó ṣì lágbára.

Ó wà níbẹ̀, ó ń kó ẹ̀ka jọ. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. N kò mọ ibi tí mo ti lè bẹ̀rẹ̀, nítorí náà mo sọ ọ́ ní tààrà. Mo ní, "Ìyá, ọkọ̀ náà kò ní wá."

Ó gbé ẹ̀ka tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò yà á lẹ́nu bí mo ṣe rò. Ó ní, "Ẹ ti sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́. Àbúrò tíṣà, mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ gé e, Ìyá?"

Ó wo ojú ọ̀nà náà títí dé ibi tí ojú mọ. "Ọkùnrin yẹn sọ pé ìjókòó rẹ̀ ṣeé tẹ́ ènìyàn sí," ni ó wí. "Ẹni tó bá lè ro ìyẹn, mo ní yóò wá."

Mo jókòó tì í lórí kùkùté igi. Ó ń sọ fún mi nípa ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ti ọjọ́ ikú rẹ̀, ti ìgbà tí wọ́n ń gbé irúgbìn kòkó náà wá lórí láti oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ọkọ náà ṣe máa ń bú u tí igbá bá yọ̀ lórí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí mo ní kí ó tún un gbìn, ó bi mí, láìbínú, pé, "Èyí tí mo bá gbìn báyìí, ta ni yóò ká a?"

Mo sọ fún ẹnjinía nígbà tí mo padà dé Ọ̀wọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, ó ní ká lọ. Ní Imoru ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin náà nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú irun funfun rẹ̀ àti ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó mọ́. Obìnrin náà fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kó dìde, ó ní kò ṣẹ òun. Ó bi í ọmọ ta ni ní Ọ̀wọ̀. Ó sọ fún un. Obìnrin náà kò mọ ilé wọn, ṣùgbọ́n ó ní ó dára pé ó ṣì ń sọ èdè bàbá rẹ̀. Ó fún wa ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. A kò lè kọ̀ ọ́.

Láti ìgbà náà ni ẹnjinía ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ojú omi ni ó kù tó ń lépa. Ó fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe kó tó padà sókè òkun. A lọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Ní ìjọba ìbílẹ̀ wọ́n ní ọ̀nà náà kì í ṣe tàwọn, ti ìpínlẹ̀ ni. Àwọn ti ìpínlẹ̀ ní ó ti wà nínú ètò, ká ní sùúrù. Ọ̀gá mi fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rán wa létí pé ohun tí wọ́n ní ká yẹ̀ wò ni ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà, a sì ti yẹ̀ ẹ́ wò, iṣẹ́ ti parí. Ẹnjinía ní òun á fi owó ara òun ṣe é. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dúkìá ìjọba láìgba àṣẹ. Ó kọ̀wé fún àṣẹ. N kò mọ ibi tí ìwé náà wọlẹ̀ sí.

Ó ti rù díẹ̀ nígbà tí mo sìn ín dé ibi tó ti wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Ọkọ̀ náà kò tíì kún. A dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú oòrùn, àwọn tó ń ta ọsàn ń kọjá. Ó ní òun ti rò pé òun yóò fi nǹkan kan sílẹ̀ nílé. Mo ní ó ṣe ohun tó lè ṣe. Ó ní, "Àbúrò, mo ti fi í sílẹ̀, ní Imoru," ó sì wọlé sínú ọkọ̀, ó jókòó sẹ́yìn láàárín ìyá kan àti àpò gàrí. Ó máa ń pè mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í béèrè nípa Imoru, èmi náà kì í sọ ọ́.

Ojú ọ̀nà tí wọ́n gé náà, àwọn ọlọ́kadà gbìyànjú láti máa gbà á fún ìgbà díẹ̀, nítorí ó tààrà. Àmọ́ ẹrẹ̀ ibẹ̀ burú ju ti ọ̀nà àtijọ́ lọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Koríko gbà á. Àwọn tó ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ sí i, olúkúlùkù síbi tirẹ̀. Obìnrin náà kò gbin nǹkan kan sí tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní tí wọ́n bá ti gbá ilé tán láàárọ̀, ó máa ń lọ jókòó sórí kùkùté kan níbẹ̀, á wà níbẹ̀ títí oòrùn yóò fi mú. Kì í sunkún. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ lóṣù tí òjò pọ̀ jù, àwọn aládùúgbò ní àwọn á gbé e lọ sí Ọ̀wọ̀. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wà lórí ibùsùn òun. Ó ní òun mọ ọ̀nà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ń fi omi tútù nù ún lára. Ara rẹ̀ yá padà, ṣùgbọ́n kò tún jáde lọ sóko mọ́, ohùn rẹ̀ sì ti kéré débi pé èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn kó tó gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ru débi pé àwọn dókítà ní kò gbọdọ̀ máa rin ọ̀nà yẹn mọ́. Ó kọ̀wé pé òun fẹ́ fẹ̀yìn tì ṣáájú àkókò. Mo lọ kó ẹrù rẹ̀. Kò pọ̀: ibùsùn, àpótí aṣọ, àwọn ìwé, ère Màríà kékeré kan tí ìyá wa fún un. Àwọn ìyá tó ti kọ́ lọ́mọdé ni wọ́n ru ẹrù náà sórí kọjá pákó àbàtà, nítorí mọ́tò kò lè kọjá. Obìnrin onílé rẹ̀ kò lè sìn ín dé ibẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti dágbére. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ilé wa ní Ọ̀wọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé báyìí, ó ń jókòó sí ìloro láàárọ̀, kò sì jìnnà sí ilé ìwòsàn. Kò tíì padà lọ sí Imoru. Wọ́n ní wọn kò tíì rí tíṣà mìíràn tó gbà láti lọ síbẹ̀, kíláàsì rẹ̀ sì ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀.